Báwo ni ìjà yóò ṣe parí? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ wọ ọjà àsọtẹ́lẹ̀ MMA

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger àti Gene Fullmer wọ inú okùn ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn níbí, èyí tí à ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni, ràúńdì 15 ni wọ́n sì dá sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ràúńdì keje parí, Fullmer padà sórí àpótí rẹ̀, kò sì dìde fún ìkẹjọ. Kò dákú. Wọn ò ka máàkì adájọ́ kankan. Síbẹ̀, ìjà ti parí, Tiger ló borí.

Àwọn méjèèjì ti kojú ara wọn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà náà. Ní San Francisco, oṣù Kẹwàá 1962, ràúńdì 15 pé, àwọn adájọ́ sì gbé e fún Tiger. Ní Las Vegas, oṣù Kejì 1963, ràúńdì tún pé, wọ́n sì pè é ní ọ̀mì. Ẹni méjì kan náà, láàárín oṣù mẹ́wàá, òpin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà wọlé nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá ní kí n kọ́ wọn ní ọjà àsọtẹ́lẹ̀ MMA, ìyẹn ìjà tó da ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti mọ ẹni tí wọ́n rò pé yóò borí. Bí yóò ṣe borí ni wọn ò tíì rò ó dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjà náà fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀: "Ṣé ìjà yìí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́?" Ìpín "Bẹ́ẹ̀ ni" wà, ìpín "Bẹ́ẹ̀ kọ́" náà wà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ìpín "Bẹ́ẹ̀ ni" kọ̀ọ̀kan á di dọ́là kan. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó di òfo. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń tà á ní sẹ́ǹtì 48, ohun tí ọjà ń wí ni pé ká ní irú ìjà yìí wáyé nígbà ọgọ́rùn-ún, bíi 48 nínú rẹ̀ ni yóò dé ọwọ́ adájọ́. Nínú àwọn ojú òpó tó ń ṣe ọjà yìí, Polymarket àti Kalshi ni orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ jù. Kò rí bíi ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní Mọ́kọ́lá tàbí Iwo Road, níbi tí ilé iṣẹ́ ti dá iye sílẹ̀, tí ẹ ó gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ máa lọ. Nínú ọjà yìí, ènìyàn bíi tiyín ló wà ní òdìkejì. Ẹ lè ná an, ẹ sì lè ta ìpín yín kí ìjà tó parí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka òfin ìbéèrè kí ẹ tó wo ojú oníjà

Ibí yìí ni owó ti ń sọnù jù, nítorí náà mi ò ní yára kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni gbogbo ayé máa ń kà fún òpin ìjà MMA: KO tàbí TKO, ìjuwọ́sílẹ̀, àti ìdájọ́ àwọn adájọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀.

KO ni kí ẹ̀ṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún tàbí ìpá mú ènìyàn dákú. TKO gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rẹfirí lè dá ìjà dúró nítorí pé oníjà kan kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́. Dókítà lè wo ojú tó ya, kó ní ó tó. Àwọn tó wà lẹ́yìn oníjà lè ní ọmọ àwọn kò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ lè kán. TKO ni gbogbo rẹ̀. Ká ní MMA ni ti Fullmer ọjọ́sí, TKO ni wọn ì bá kọ sílẹ̀. Kò sì pọn dandan kí ènìyàn ṣubú: nígbà tí Alex Pereira gba ìgbànú (àmì ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìwọ̀n ara wọn) lọ́wọ́ Israel Adesanya ní New York ní oṣù Kọkànlá 2022, orí ìdúró ni Adesanya wà nígbà tí rẹfirí wọ àárín wọn ní ràúńdì karùn-ún. TKO.

Ìjuwọ́sílẹ̀ ni kí wọ́n fún ènìyàn lọ́rùn tàbí kí wọ́n lọ́ ọ lápá títí tí yóò fi fọwọ́ gbá ilẹ̀ tàbí gbá ara ẹni tó dì í mú. Bí ó bá pariwo, ó ti juwọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fún un lọ́rùn títí tí ojú rẹ̀ fi yí, tí kò ráyè fọwọ́ gbá nǹkan kan, ìjuwọ́sílẹ̀ náà ni, bó tilẹ̀ sùn gbalaja bí ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bà. Ẹ rántí pé nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti pòfo. Nínú MMA, ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ fún ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ́rùn títí tí yóò fi gbà. Ẹni tó bá fi ojú gídígbò wo ìjà yìí yóò máa ta ìpín rẹ̀ ní àkókò tí kò yẹ.

Ti ìdájọ́: adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó. Ẹni tó bá borí nínú ràúńdì gba 10, ẹnì kejì gba 9 tàbí kó dín. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò, tàbí bí méjì bá yà sí ọ̀tún tí ẹnì kan yà sí òsì, ìdájọ́ náà ló ń jẹ́. Ọ̀mì ni kí ẹ ṣọ́. Bí ìbéèrè bá sọ pé "Ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ adájọ́?", ọ̀mì máa ń wọ "Bẹ́ẹ̀ ni". Bí ó bá sọ pé "Ṣé Lágbájá yóò borí nípa ìdájọ́?", ọ̀mì di "Bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìbéèrè méjèèjì jọra lójú, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san.

Òpin tí kò sí lára mẹ́ta yẹn náà wà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2021, Petr Yan, tó ni ìgbànú, fi orúnkún gbá Aljamain Sterling lórí nígbà tí Sterling ṣì kúnlẹ̀. Òfin kò gbà á. Sterling kò lè dìde jà mọ́, wọ́n lé Yan kúrò nínú ìjà, Sterling sì gba ìgbànú UFC (ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà MMA) láti ara ìjìyà ẹlòmíràn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ra "KO" rí ènìyàn nílẹ̀, kò sì rí kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2025 ní Abu Dhabi, ìka wọ Tom Aspinall lójú nígbà tó ń bá Ciryl Gane jà, ràúńdì kìíní ni wọ́n ti fagi lé ìjà náà: kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tó pòfo. Ẹ wo ohun tí ojú ìwé ọjà kọ nípa irú èyí. Òmíràn yóò dá owó padà, òmíràn yóò pín in sí àádọ́ta-àádọ́ta sẹ́ǹtì, òmíràn yóò kà á sí "Bẹ́ẹ̀ kọ́".

Ẹ tún wá ìlà tó sọ nípa àyípadà ẹ̀yìn ìjà. Jon Jones mú Daniel Cormier dákú ní oṣù Keje 2017. Àyẹ̀wò oògùn wá ba èsì náà jẹ́, wọ́n sì fagi lé e. Púpọ̀ nínú ọjà ń lo èsì tí wọ́n kéde lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i kí ẹ tó gbà. Ìlà ìkẹyìn ni ti ìjà tí wọ́n sún síwájú, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ oníjà kan nínú rẹ̀.

Mo ní ìwé àjákọ olójú-ewé ogójì kan tí mo ń lò fún èyí nìkan. Mo máa ń fi bírò pupa da òfin yẹn kọ ní Yorùbá, ní gbólóhùn tèmi. Bí mi ò bá lè kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta tó já gaara, mi ò tíì lóye rẹ̀, mi ò sì ní rà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà máa ń parí sí

Ẹ má tíì wo iye ọjà. Ẹ wo ìwọ̀n ara àti iye ràúńdì. Ká gé e kúrú, nínú ìjà UFC, bí ìdajì ló máa ń dé ọ̀dọ̀ adájọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń parí sí KO tàbí TKO, ìyókù, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún, sì jẹ́ ìjuwọ́sílẹ̀. Àwọn abara ńlá, tí ìwọ̀n wọn lè dé 265 lb, máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ parí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ìwọ̀n 115 lb máa ń jà á pé jù. Ọ̀pọ̀ ìjà jẹ́ ràúńdì mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìjà ìgbànú àti olórí ìjà alẹ́ jẹ́ ràúńdì márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lé yẹn ń fún òpin láyè.

Ibi tí wọ́n ti ń jà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú àgò ni wọ́n ti ń jà. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ní Apex, ilé ìjà kékeré tí UFC ní ní Las Vegas, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25 ní fífẹ̀, ti pápá ńlá jẹ́ 30. Àyè ìsá dínkù ní Apex.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé ìjà sí wẹ́wẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú ajìjàkadì kan àti akànṣẹ́ kan, ìwọ̀n 155 lb, ràúńdì mẹ́ta. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́: nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ni yóò pé? Mo kọ 45. Ó ku 55 tí yóò já lọ́nà. Nínú 55 yẹn, mo fún akànṣẹ́ ní 30, torí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, mo sì fún ajìjàkadì ní 25. Akànṣẹ́: KO 27, ìjuwọ́sílẹ̀ 3. Ajìjàkadì: ìjuwọ́sílẹ̀ 17, TKO 8 láti orí ìjókòó lé ènìyàn láyà kó sì máa lù ú. Nínú 45 tó pé, ajìjàkadì 29, akànṣẹ́ 15, ọ̀mì 1.

Ẹ wá kó wọn jọ. KO tàbí TKO jẹ́ 35. Ìjuwọ́sílẹ̀ jẹ́ 20. Ọ̀dọ̀ adájọ́ jẹ́ 45. Ó pé 100. Bí tiyín kò bá pé 100, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún wò ó pé ajìjàkadì borí nínú 54, bẹ́ẹ̀ KO akànṣẹ́, tó jẹ́ 27, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdájọ́ ajìjàkadì, 29. Ẹni tó ní "ajìjàkadì ló máa nà án" kò tíì dáhùn ìbéèrè ọjà rárá.

Kí ló yẹ kó sún àwọn iye wọ̀nyí sókè tàbí sísàlẹ̀? Mo máa ń wo ìjà márùn-ún ìkẹyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ibi ẹ̀ṣẹ́ dídùn tí wọ́n gé sórí fóònù. Mo ń wò bóyá ajìjàkadì yẹn ń wá ọrùn ni, tàbí ó kàn ń dì mọ́ ènìyàn kí àkókò lè lọ. Mo ń wo ẹni tí wọ́n ti mú dákú láìpẹ́, ẹni tí kò bá ìwọ̀n, ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìjà. Ìtàn àtijọ́ láàárín àwọn méjèèjì wúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí Adesanya àti Pereira: wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́-òun-ìpá, ìdájọ́ ni àkọ́kọ́, KO ni ìkejì. Nínú MMA, TKO ní ràúńdì karùn-ún, lẹ́yìn náà Adesanya mú un dákú ní ràúńdì kejì ní Miami ní oṣù Kẹrin 2023.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ná ọjà

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣí ojú ewé iye. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo iye ọjà, iye yẹn ni yóò jókòó sí i lórí, ìṣirò rẹ̀ á kàn máa wá àwíjàre fún un.

Ẹ ó rí iye méjì: èyí tí olùrà fẹ́ san àti èyí tí olùtà fẹ́ gbà. Bí ẹ bá ti ra ẹ̀wà ní Bódìjà rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìyá ẹlẹ́wà pe kóńgò ní iye kan, ẹ̀yin dá tiyín, àlàfo wà láàárín. Ẹni tí ojú ń kán máa ń san iye tí wọ́n pè. Ẹni tó ní sùúrù á kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀, á dúró. Ọjà àsọtẹ́lẹ̀ gbà kí ẹ kọ iye sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí ìjà kékeré ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, àlàfo yẹn lè gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí èrè yín yóò ti tán kí ẹ tó rà.

Ká ní olùtà ń pe KO ní 42, ìjuwọ́sílẹ̀ ní 15, ìdájọ́ ní 48. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105. Márùn-ún tó lé yẹn ni owó ìkánjú. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 105, kí ẹ sì fi 100 lọ́po rẹ̀: ó di bíi 40, 14 àti 46. Èrò ọjà gan-an nìyẹn. Tèmi jẹ́ 35, 20, 45. Lórí ìdájọ́, èmi àti ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, mo fi í sílẹ̀. Lórí ìjuwọ́sílẹ̀, wọ́n ń ta ohun tí mo kà sí 20 fún mi ní 15. Ibẹ̀ ni mo ní nǹkan í ṣe. Kí n tó rà, mo máa ń bi ara mi pé: kí ni ẹni tó ń tà á mọ̀ tí n kò mọ̀? Bí ìròyìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé apá ajìjàkadì ń dùn ún, 20 mi ti di àná.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwọ̀n owó

Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń lò. Ẹ yọ iye ọjà kúrò nínú iye tiyín: 20 dín 15, ó ku 5. Ẹ pín 5 yẹn sí ohun tó kù kí iye ọjà tó pé 100, ìyẹn 85. Ó jẹ́ bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún àpò yín. Ìyẹn ń gbà pé 20 yín péye, kò sì sí ẹni tí iye rẹ̀ péye tó bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni mo ń mú. Bí àpò mi bá jẹ́ dọ́là 100, dọ́là kan àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ni màá fi ra ìpín mẹ́wàá. Bó bá ṣẹ, dọ́là mẹ́wàá. Bí kò bá ṣẹ, ìjà mìíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ṣì wà níbẹ̀.

Àpò yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ owó ilé, owó iléèwé tàbí owó àjọ. Mo mọ ẹni tó fi owó àjọ ṣe é, nítorí náà mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Pàṣípààrọ̀ náírà sí dọ́là máa ń bù jẹ lálọ àti lábọ̀, ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹ wò bóyá ojú òpó náà gba ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ẹni tó bá fi VPN, tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, dọ́gbọ́n wọlé lè borí kí wọ́n sì di owó rẹ̀ mú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024 pé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, nítorí náà òfin Ọ̀yọ́ ni kí a máa ṣọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun ti mọ bí ìjà yóò ṣe parí, pé kí ẹ san owó wá gbọ́, olè ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjà ńlá ní Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí òru wa. Àwòrán tó ń dé fóònù wa ti pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò ti rí ẹ̀ṣẹ́ náà, ó ti ra ìpín, kí oníjà yẹn tó ṣubú lójú wa n'Ìbàdàn. Bí iye bá fò sókè lójijì tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ kò tíì rí ti ṣẹlẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 2022, àwa bíi ogún la wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Kamaru Usman, ọmọ Auchi, ń jà pẹ̀lú Leon Edwards ní Salt Lake City. Ó ti gba ràúńdì mẹ́ta nínú mẹ́rin lójú àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máàkì la fi ń ta ọjà láàárín ara wa, kò sí owó níbẹ̀. Bí ràúńdì karùn-ún ṣe ń tán lọ, ẹ̀gbọ́n kan ní òun ń ta "ọ̀dọ̀ adájọ́" ní 97. Mo rà á. Mo ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Edwards fi ẹsẹ̀ òsì gbá Usman lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni aago kà, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 56 péré. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́.

Mi ò rò pé 97 jìnnà sí òótọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi 97 wá 3. Láti ìgbà náà, mi ò ra ìpín tó bá ti kọjá 90 mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ṣì wà lórí ìdúró.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dá ara yín lẹ́jọ́ lórí ìwé

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sí i, ẹ kọ iye yín fún ìjà àádọ́ta. Alẹ́ UFC kan máa ń ní ìjà bíi méjìlá, nítorí náà nǹkan bí oṣù kan ti tó. Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iye yín wé ohun tó ṣẹlẹ̀: bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ 1. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ 0. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ sì fi èyí tó kù lọ́po ara rẹ̀. Ẹni tó kọ 0.70 (ìyẹn 70 nínú ọgọ́rùn-ún), tó sì ṣẹlẹ̀, gba 0.09. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, 0.49. Máàkì tó kéré ló dára. Ẹni tó ń kọ 0.50 fún gbogbo ìjà yóò máa gba 0.25, nítorí náà bí àròpín tiyín bá ju 0.25 lọ, ẹ máa kọ lọ, ẹ má tíì rà.

Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún iye ọjà, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Bí ti ọjà bá ń kéré sí tiyín lóṣù kìíní, ẹ wo ibi tí ẹ ti ń ṣìnà. Tèmi, ìjuwọ́sílẹ̀ ni mo máa ń fún ní iye tó pọ̀ jù, torí pé mo fẹ́ràn ìjàkadì láti kékeré. Mo rí i nínú ìwé náà, lójú ewé bíi mẹ́fà léraléra, kí n tó gbà. Ti Usman wà níbẹ̀ pẹ̀lú: 0.97, 0, máàkì 0.94. Mi ò fa ìlà sí i. Ẹ̀gbọ́n tó tà á fún mi kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ ta òmíràn ní Sátidé tó tẹ̀lé e.